Ojú Ọba, Ojú Ọmọ

Àwọn bàbá wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú gbogbo là ń wò. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń rọ̀ níwájú adé ọba, ìyẹn ìbòjú, jẹ́rìí sí i: ọba ń rí wa, àwa kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ní 1903, Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní lọ sí Èkó lọ́dọ̀ gómìnà MacGregor, wọ́n sì bi í bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí irú adé bẹ́ẹ̀ ló lè bojú fún ará ìlú.

Nínú ilé náà, àgbà a máa fi ojú bá ọmọ wí, ọmọ a sì wolẹ̀. Ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, àfojúdi là ń pè é.

Ní Peckham níbí, òfin méjì ló pàdé. Olùkọ́ lè sọ pé ọmọ tó wolẹ̀ ń purọ́. Ìyá rẹ̀ lè bínú bó bá gbójú sókè. Ọmọ náà ló ń jìyà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ìbòjú fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè wo olùkọ́ lójú láìbẹ̀rù, kí wọ́n sì wolẹ̀ níwájú àgbà àti ojúbọ láìtijú. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ wọn pẹ̀lú. Àbọrú àbọyè.