Eczema, Allergy, àti Àwọn Nọ́ọ̀sì Tó Kọ́ Òbí: Ìtàn Ọ̀rọ̀, Ìtàn Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí: eczema àti allergy. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti di òbí, àwọn mìíràn ti di òbí àgbà, ẹ ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ìbáà jẹ́ n'Íbàdàn, ìbáà jẹ́ ní London. Èmi kì í ṣe oníṣègùn o. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ tí oògùn nìkan ò lè ṣe, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Èdè Gíríìkì ni eczema ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó hó dà síta, bí ìgbà tí omi bá hó bo ìkòkò. Allergy kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1906 ni Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní Vienna, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, "òmíràn" àti "iṣẹ́", láti fi sọ pé ara ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn sí bó ṣe yẹ. Ní 1923, Arthur Coca àti Robert Cooke ní Amẹ́ríkà ń wá orúkọ fún irú ara bẹ́ẹ̀ tó máa ń wà nínú ẹbí, èyí tí ikọ́ fée jẹ́ ọ̀kan nínú àmì rẹ̀. Ta ni wọ́n lọ bá? Edward Perry, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Columbia, ló bá wọn wá atopy, ìyẹn ohun tí kò sí ní ipò rẹ̀, ohun àjèjì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1933, Fred Wise àti Marion Sulzberger fi í sára orúkọ àìsàn awọ ara yìí: atopic dermatitis. Ẹ rí i báyìí pé àwọn oníṣègùn náà mọ̀gbà tó yẹ kí wọ́n kanlẹ̀kùn onímọ̀ èdè.

Àwa ńkọ́? Orúkọ àìsàn awọ ara kò wọ́n wa: làpálàpá, kúrúnà, èélá, ìfo. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá eczema dọ́gba rẹ́gí nínú wọn, ohun tí ìlú kan sì ń fi orúkọ kan pè lè yàtọ̀ sí ti ìlú kejì. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán. Làpálàpá máa ń ràn, kúrúnà máa ń ràn, eczema kì í ràn. Bí a bá pe eczema ọmọ kan ní làpálàpá, oògùn làpálàpá ni wọn yóò rà fún un, àwọn aládùúgbò yóò sì fa ọmọ tiwọn sẹ́yìn kí ó má baà bá a ṣeré. Orúkọ tí kò tọ́ ti sọ ọmọ di ẹni à ń sá fún nìyẹn.

Ti allergy tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń sọ pé "ara rẹ̀ ò gbà á", èyí sì dára púpọ̀. Àwọn kan máa ń lo "èèwọ̀": "Ẹyin jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ yìí." Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, torí kò sí àlejò tí yóò fi tipátipá fún ọmọ ní èèwọ̀ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ìdílé kì í tán lára èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn ò gba ẹyin tàbí wàrà màlúù ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ lo "èèwọ̀" ní láti fi kún un pé èyí lè ní òpin, àti pé ilé ìwòsàn ni yóò sọ ìgbà tó tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìtọ́jú. Ní 1952, Sulzberger yìí kan náà àti Victor Witten fi hàn pé hydrocortisone tí a fi pa awọ ara lè mú eczema rọlẹ̀. Inú gbogbo ayé dùn. Láìpẹ́, àwọn steroid tó lágbára jù ú lọ dé, a sì wá rí i pé àwọn yẹn lè sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí a bá lò wọ́n nílòkulò. Ìbẹ̀rù wọlé. Ìlànà tí wọ́n wá ń kọ sára oògùn ni pé kí a fi díẹ̀ kùn ún.

Díẹ̀! Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, díẹ̀ tó mélòó? Ìyálọ́jà tó ń fi kóńgò wọn gàrí mọ̀ pé "díẹ̀" kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà yóò fi èyí tí kò tó nǹkan kan ọmọ lára, àìsàn ò ní lọ, yóò sì gbà pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò wá èyí tó le jù lọ, yóò sì máa fi bo ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà.

Ní 1991, àwọn dókítà méjì ní Cardiff, Long àti Finlay, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: orí ìka. Ẹ fún oògùn láti orí ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́. Iye yẹn tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù, ó sì tó pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì. Òṣùwọ̀n yìí ni nọ́ọ̀sì lè fi han òbí lójúkojú, kódà bí èdè wọn ò bá yéra.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dé. Ní 2003, Michael Cork àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 51 tó ní eczema. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́kọ́ dé, àwọn òbí tó rántí pé ẹnikẹ́ni ti ṣàlàyé ohun tó ń fa àìsàn náà fún wọn, tàbí pé ó fi bí a ṣe ń lo ìpara hàn wọ́n, kò pé 5 nínú 100. Ìdá 24 nínú 100 kò lo ìpara amáwọrọ̀ kankan. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa awọ ara jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì tún un ṣe nígbà tí wọ́n padà wá. Ìpara amáwọrọ̀ tí wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ kúrò ní gíráàmù 54, ó di 426. Agbára àìsàn náà dín kù ní ìdá 89 nínú 100. Lápapọ̀, steroid tí wọ́n lò kò lé sí i. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀ o, ẹ̀kọ́ ni.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Prof, ṣé wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a kò kọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni, torí nínú ìwádìí yẹn, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Wọ́n fi ìbò pín ọmọ àti ọ̀dọ́ 992 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n kọ́ apá kan fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn tí a kọ́ yá ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ní 2007, àjọ NICE ní Britain kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a máa kọ́ òbí, kí a sì máa fún ọmọ ní ìpara amáwọrọ̀ tó tó gíráàmù 250 sí 500 lọ́sẹ̀.

Kí ni nọ́ọ̀sì ń kọ́ wọn gan-an? Pé kí wọ́n fa ìpara náà wálẹ̀ síbi tí irun ara kọjú sí, kí wọ́n má fi gbo ara. Pé kí omi ìwẹ̀ jẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí èékánná ọmọ kúrú, kí ọṣẹ lílé jìnnà sí i. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti pàdé ìyá àgbà, tó gbà pé omi gbígbóná àti kànìnkànìn ní í mú ara ọmọ mọ́. Ẹ má fi ìyá àgbà ṣẹ̀sín. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n yóò pè é wọlé, yóò kí i dáadáa, yóò sì fi ìpara sí i lọ́wọ́, torí òun ni yóò wẹ ọmọ lọ́la. Àwa la sọ pé ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ọmọ eléczema kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyún ló gba oorun lójú àwọn méjèèjì.

Báwo wá ni eczema ṣe bá allergy tan? Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Dundee fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní eczema ló jogún àléébù nínú èròjà kan tó ń jẹ́ filaggrin, èyí tó ń mú kí awọ ara dí dáadáa. Ẹ rántí òwe wa: bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Awọ tó bá là lè jẹ́ kí ìdọ̀tí àti èérún oúnjẹ wọlé, ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí oúnjẹ bí ọ̀tá. Tẹ́lẹ̀, láti 1998, ìmọ̀ràn ìjọba Britain ni pé kí ẹbí tó ní irú ara bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀pà mọ́ fún ọmọ kékeré. Wọ́n yí i padà ní 2009. Ní 2015, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ ọwọ́ 640 tó ní eczema líle tàbí tí ara wọn ò gba ẹyin. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò awọ kò bá ẹ̀pà lára wọn níbẹ̀rẹ̀, ìdá 13.7 nínú 100 àwọn tí wọ́n pa ẹ̀pà mọ́ fún ni ara wọn kọ ẹ̀pà nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún; nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́, ìdá 1.9 péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò nílé fún ọmọ tí eczema rẹ̀ le. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹ̀pà odidi sì lè fún ọmọdé lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ní 2002, Ben-Gashir àti Hay kìlọ̀ pé bí dókítà bá gbára lé pupa tí awọ pupa nìkan, ó lè má rí bí eczema ọmọ dúdú ṣe le tó. Lára wa, ó lè dúdú sí i, ó lè rí bí eérú, ó lè yọ kókó wínníwínní. Ẹ tún fi èdè kún un: "pupa" tiwa gba ohun púpọ̀ mọ́ra, láti orí ẹ̀jẹ̀ dórí epo, títí dórí èèyàn apọ́nbéporé. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ìyá pé "Ṣé ó pọ́n?", tí ìyá sì dáhùn pé rárá, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, àmọ́ ọmọ lè padà sílé láìgba ìtọ́jú. Ìbéèrè tó dára jù ni: "Ṣé ó gbóná? Ṣé ó yi? Ṣé àwọ̀ ibẹ̀ yí padà?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú òkèèrè nìkan ni nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ òbí. Ní àárín ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, nígbà tí David Morley wà ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, tó sì ń ṣe ìwádìí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìyá sì ni wọ́n fún ní káàdì ìdàgbàsókè ọmọ láti tọ́jú sílé. Kì í ṣe nítorí eczema, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nídìí rẹ̀: pé ìyá lè mọ̀, kó sì ṣe é, bí a bá sọ ọ́ lédè tó yé e.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè. Lọ́jà wa lónìí, àwọn ìpara alápòpọ̀ tí steroid líle wà nínú wọn wọ́pọ̀, ẹni tó sì ń tà á ni olùkọ́ kan ṣoṣo tí ìyá máa ń rí. Gbólóhùn díẹ̀ tó dúró dáadáa ni nọ́ọ̀sì wa nílò, kó sì rí bákan náà láti Ṣakí dé Ìkòròdú. Mo dábàá mẹ́rin: Àìsàn yìí kì í ràn. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kì í lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n a lè kápá rẹ̀. Ìpara amáwọrọ̀ kì í ṣe díẹ̀: ẹ lò ó láàárọ̀, ẹ lò ó lálẹ́, kódà lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá dán.