Ọkọ Ìyàwó Tó “Hailed from” Iléṣà

Ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ètò ìgbéyàwó kí wọ́n kọ ọ́ pé: “The groom hailed from Ilesa.” Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ kò ju pé ọmọ Iléṣà ni ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, ọkọ ìyàwó ti di olóògbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jó lójú agbo yẹn.

Bí èèyàn bá ṣì wà láàyè, “hails from” tàbí “comes from” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò, nítorí orírun kì í kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá, ní abala 318, òbí tàbí òbí àgbà ló fi ń mọ ọmọ ìpínlẹ̀ kan, kì í ṣe ibi tí onítọ̀hún ti gbéra. “I came from Ibadan” ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lè ti Ìbàdàn dé láàárọ̀ yìí, Ìjẹ̀bú-Òde náà ni yóò máa jẹ́ ìlú rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan ń pe àṣìṣe yìí ní ìwà ọ̀lẹ. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe bíi wá, lọ àti rà, bí kò bá ní “ń” níwájú, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló sábà máa ń sọ: “Adé wá” kò dúró de ọ̀la. Èyí tó tún dá kún un ni “ti.” Nínú “Ìlá ni mo ti wá,” ibi téèyàn ti ṣẹ̀ wá ni “ti” ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ìró kan náà ló ní pẹ̀lú “ti” inú “mo ti jẹun.” Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó láti Ìlá náà á sọ gbólóhùn yẹn gan-an. Ta ni kò ní kọ “came”? Ì bá dára kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí “Ọmọ Ìlá ni mí,” torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ kó béèrè ìgbà tó parí.

Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ ni “hail from” ti wá. Láyé àtijọ́, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lójú òkun, wọ́n á ké síra wọn láti béèrè èbúté tí ọkọ̀ ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n ń lò ó fún èèyàn. “I hail o!” tí wọ́n ń fi kíra wọn ní ìgboro Èkó kò jìnnà sí ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn. Àwọn míì ń kọ “hale from.” Ìbátan ni “hail” àti “hale” lóòótọ́, ìlera ló wà nídìí méjèèjì, àmọ́ “hale” kò wọ ibí yìí rárá.

“Hailed from” náà ní àyè tirẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ papò dà ní 1987. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ó “hailed from Ikenne” kò jẹ̀bi, olóòtú tó bá sì fi “hails” rọ́pò rẹ̀ ló ṣì í.