Àṣẹ Ìjọba Lórí Àwọn Alágbàro Mẹ́síkò ní Amẹ́ríkà, 1942 sí 1964

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1942, nígbà tí ogun ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Amẹ́ríkà kúrò lóko, ìjọba Amẹ́ríkà bá ìjọba Mẹ́síkò ṣe àdéhùn pé kí àwọn ọkùnrin Mẹ́síkò máa wá ṣiṣẹ́ oko fún ìgbà díẹ̀, kí wọn sì padà sí ilẹ̀ wọn. Bracero ni a ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí apá ní èdè Sípéènì ni orúkọ náà ti wá. Apá rẹ̀ ni a fẹ́; ìyókù ara rẹ̀ kò sí nínú orúkọ náà. Alágbàro ni Yorùbá ìbá pè é, àfi pé alágbàro ilẹ̀ Yorùbá lè kọ oko tí owó rẹ̀ kò tó, kí ó sì gba oko ẹlòmíràn lọ. Bracero kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ nìkan ni ó lè ṣiṣẹ́ fún.

Lójú ìwé, àdéhùn náà kò burú. Ó ní kí a san owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, kí a fún un ní ibùgbé, kí owó rẹ̀ má sì kéré sí èyí tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà ní àdúgbò kan náà.

Inú òfin ọdún 1951 ni ọ̀ràn ti díjú. Òfin náà kò gbà kí àgbẹ̀ kankan gba àlejò síṣẹ́ àfi bí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé ọmọ onílẹ̀ tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà, tí ó sì fẹ́ ẹ, kò tó. Pé gbígba àlejò kò ní ba owó iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ jẹ́. Àti pé àgbẹ̀ náà ti wá wọn títí. Ṣùgbọ́n ta ni ń sọ iye tí owó iṣẹ́ jẹ́ ní àdúgbò? Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni. Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, wọn a pàdé, wọn a fi ẹnu kò sí iye tí wọn yóò san, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí ó wà lóde. Bí iye náà bá kéré jù, ọmọ onílẹ̀ tí ó ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́ a wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Àgbẹ̀ a sì nawọ́ sí oko òfìfo náà bí ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ wọ́n. Ọ̀wọ́n tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó fi ń tọrọ àṣẹ.

Ernesto Galarza, ọmọ Mẹ́síkò tí a tọ́ dàgbà ní California, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia, lọ káàkiri àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1956 fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìlérí inú àdéhùn náà ni a kò mú ṣẹ. Ní ẹnubodè, a máa ń yẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn wò bóyá ó yi, a sì máa ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí wọn lára ní ìhòhò. Ní ọdún náà gan-an, àwọn tí a gbà wọlé ju 445,000 lọ; kò sí ọdún mìíràn tí ó tó o.

Ní 1962, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ iye owó tí àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ san kéré sí bí ó bá fẹ́ gba àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ju 290,000 lọ ní 1961 wá di nǹkan bí 195,000. Ẹ̀rọ ìkórè òwú ní ọwọ́ nínú ìdínkù yìí, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ẹ̀rọ nìkan ni.

Ètò náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1964. Àwọn tí wọ́n retí pé owó iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ yóò fò sókè lẹ́yìn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2018 kò rí ẹ̀rí pé ó gbé e sókè. Ní oko tòmátì California, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rà.