Fáìlì Tó Bá Mu

Agbára káká la fi lè rí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ jínóòmù ènìyàn, ì báà jẹ́ Tokyo ló wà, ì báà jẹ́ Cambridge, tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yìí: YRI. Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n ń fi pè. Láti ìgbà iṣẹ́ jínóòmù àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ni àkọsílẹ̀ DNA àwọn ará Ìbàdàn tó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ti inú fáìlì kan bọ́ sínú òmíràn káàkiri ayé. Ẹ wá ní kí ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣe láàárọ̀. Kò ní pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti la ọ̀nà fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ti jínóòmù ṣì ń dúró dè wá.

Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ mú: yíyẹ fáìlì wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Irinṣẹ́ bíi Nextflow àti Snakemake máa ń to iṣẹ́ ní ipele-ipele. Ohun tí ti ìṣáájú bá gbé jáde ni ti ẹ̀yìn yóò gbà wọlé. Ẹni tó bá pe èyí ní «ìṣàn iṣẹ́», Gẹ̀ẹ́sì ló ń tú, torí iṣẹ́ kì í ṣàn lẹ́nu wa. «Iṣẹ́ ẹlẹ́sẹẹsẹ» ni mo fara mọ́. Bí fáìlì bá ní àbùkù ní ipele kìíní, ó lè di ipele kẹsàn-án, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, kí iṣẹ́ náà tó dẹnu kọlẹ̀. Ìyẹn tiẹ̀ sàn. Èyí tó burú ni èyí tí kò dẹnu kọlẹ̀ rárá, tó ń bá a lọ títí tó fi gbé èsì irọ́ jáde.

Kí la wá fẹ́ pe yíyẹ̀wò náà? «Àyẹ̀wò» lásán gbòòrò jù. Ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ní ọsibítù náà lọ ṣe àyẹ̀wò. «Ìfìdímúlẹ̀» àti «ìjẹ́rìísí» ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n méjèèjì ń ṣèlérí ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ẹ wo àkọsílẹ̀ kan nínú FASTQ, irú fáìlì tí a ń kọ ohun tí ẹ̀rọ kà nínú DNA sí:

@ege1
GATTACAGT
+
IIIIIIII

Ìlà mẹ́rin ni ègé DNA kọ̀ọ̀kan ń gbà. Orúkọ ègé ni àkọ́kọ́, lẹ́tà DNA ni ìkejì, àmì ìròpọ̀ ló pààlà, ìkẹrin sì ni àmì tí ẹ̀rọ tó ka DNA fi ń sọ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe dá a lójú tó. «Àmì ìdánilójú» ni mo ń pè é, n kò pè é ní «àmì ìdára», torí ẹ̀rọ kò sọ pé lẹ́tà dára tàbí kò dára. Ohun tí I ń sọ nínú FASTQ ìsinsìnyí ni pé, nínú 10,000 irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, bíi ẹyọ kan ni òun lè ṣì kà.

Ẹ kà á: lẹ́tà mẹ́sàn-án, àmì mẹ́jọ. Fáìlì yìí kò bá mu. Ẹ̀rọ tó ń yẹ fáìlì wò mọ ìyẹn, kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá sí àyè ti ọmọ ní yàrá àyẹ̀wò, fáìlì méjèèjì yóò gún régé, ẹ̀rọ yóò sì gbà wọ́n wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi dúró ti «àyẹ̀wò ìbámu». Kò sọ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú fáìlì. Ó sọ pé ìrísí rẹ̀ bá ohun tí irinṣẹ́ ń retí mu. Ó sì dùn ún fi sọ̀rọ̀: èyí bá mu, tọ̀hún kò bá mu.

Ohun méjì wà nítòsí rẹ̀ tó ń fẹ́ orúkọ tirẹ̀. Nọ́ńbà gígùn tí irinṣẹ́ md5 máa ń gbé jáde, oníhóró 32, tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì bàjẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, «òǹtẹ̀» tó fún un. Yíyọ àwọn ègé tí ìdánilójú wọn kéré kúrò kì í ṣe àyẹ̀wò. «Jíjọ̀» ni, ọ̀rọ̀ tí elélùbọ́ ti ní nílẹ̀.

Níbi kíkà, ó jọ pé Yorùbá ti débẹ̀ ṣáájú. Lẹ́tà 100 àkọ́kọ́ lórí krómósómù kan, láti 1 dé 100 ni irú fáìlì tí à ń pè ní GFF yóò kọ. Irú kejì, BED, yóò kọ ọ́ láti 0 dé 100. GFF ń ka lẹ́tà fúnra rẹ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin. Ààlà tó wà láàárín lẹ́tà ni ti BED. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni lójú kàlẹ́ńdà, torí a máa ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún, tó jẹ́ ọjọ́ 16 lójú kàlẹ́ńdà. «Kíkà mọ́» ni ti GFF, «kíkà ààlà» ni ti BED. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ka èkejì yóò fi ìwọ̀n lẹ́tà kan ṣìnà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo àyè tó kà, àyẹ̀wò ìbámu sì lè má rí i.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an: àmì ohùn. Kọ «Ọ̀ṣun» sínú ìwé orúkọ, kí ẹlòmíràn sì kọ ọ́ sí orúkọ fáìlì. Ọ̀kan lè jẹ́ Ọ alámì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan, pẹ̀lú àmì ohùn. Èkejì lè jẹ́ O lásán tí a to àmì méjèèjì mọ́. Lójú ènìyàn, ọgbọọgba ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ti ní ìlànà fún sísọ wọ́n di ọ̀kan, ó sì yẹ kí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e kó tó yẹ fáìlì wò. Kó tó di ìgbà náà, Osun01 ni n óò máa kọ sí orúkọ fáìlì, Ọ̀ṣun á wà nínú àlàyé. Kò dùn mọ́ mi.

Ó ku ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ fún ẹni tó ń lò ó. «Fáìlì kò tọ́» kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. «Ìlà 4: lẹ́tà 9, àmì ìdánilójú 8. Iṣẹ́ dúró.» Ìyẹn lọ̀rọ̀. Kí a sì ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìkìlọ̀. Fáìlì tó ṣófo, àṣìṣe ni, kò sí ibi tí ẹ̀rọ yóò gbé e lọ. Ègé tó kéré sí iye tí a retí, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó ni ìwádìí ni yóò pinnu bóyá kí iṣẹ́ máa lọ.