Ojú Bàìbàì, Àdúrà àti Awò Ojú: Ìgbàgbọ́ Krìstẹ́nì láti Koumassi Remblais

Koumassi wà ní gúúsù Abidjan, ní erékùṣù Petit-Bassam tí òun, Treichville àti Marcory jọ pín. Remblais jẹ́ àdúgbò kan nínú rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí a kó dí ilẹ̀ tó rì ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Wòlíì William Wade Harris ará Làìbéríà la etíkun Côte d'Ivoire kọjá ní 1913 sí 1914, ó sì ṣe ìrìbọmi fún àwọn tó lé ní 100,000. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú mìíràn, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní Anango, gbé Ìjọ Onítẹ̀bọmi wá. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, náà fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí èyí tí kì í gbàdúrà ìwòsàn nínú wọn.

Ní ìsìn tí a ń ṣe ní èdè Yorùbá ní ọjọ́ Àìkú, bàbá àgbà á na Bíbélì síwájú, á tún nà án, títí apá kò fi ní gùn mọ́. Á wá gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀: “Bá mi kà á.” Ọmọ tó ń ka Faransé geere nílé ìwé á sì máa kọsẹ̀ lórí àmì ohùn. Jígí kékeré inú ẹyinjú bàbá ló ti le, bó ti máa ń rí fún ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún. Awò ìkàwé tó o.

Ojú ogbó pọ̀ nínú Bíbélì. Ojú Ísáàkì ṣú títí tí kò fi mọ Jákọ́bù yàtọ̀ sí Ísọ̀. Ọ̀ràn kan náà ló bá Jákọ́bù nígbẹ̀yìn. Élì, ẹni 98 ọdún, kò ríran mọ́. Ẹni tó wú mi lórí jù ni wòlíì Áhíjà. Nígbà tí aya Jèróbóámù pa ara dà wá bá a nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn, Ọlọ́run kò la ojú wòlíì náà. Ó sọ ẹni tó ń bọ̀ fún un. Áhíjà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pè é ní aya ọba kó tó yanu.

Jésù la ojú ọ̀pọ̀. Ní Bẹtisáídà, ó gbé ọwọ́ lé ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ènìyàn ṣì jọ igi lójú rẹ̀. Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fọ́ ojú ọkùnrin kan. Jésù ní kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti òbí rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ṣì ń jà láàárín wa: “Ta ló ń fi ojú rẹ̀ ṣe é?” Ìyá arúgbó aláìṣẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń nàka sí, ó sì ń dùn mí.

Àríyànjiyàn oògùn ti pẹ́. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ní Ìjẹ̀bú-Òde, 1918, kọ oògùn pátápátá. Ìsọjí tí wòlíì Babalola ṣe ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, gbé omi àdúrà ga. Kíníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò wà lára ohun tó ya àwọn ará ìsọjí náà àti àwọn míṣọ́nnárì náà nípá kí Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì tó dá dúró. Síbẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907. Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo Hesekáyà lẹ́yìn àdúrà. Nínú Bíbélì Kátólíìkì, òróòro ẹja ló la ojú Tóbítì.

Ojú tó ń funfun nínú, iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran rẹ̀ padà. Gúlókómà ló ń bà mí lẹ́rù: ó sábà máa ń jẹ ìríran láìsí ìrora, èyí tó bá jẹ kì í padà. Ẹni tó bá ń fi omi, ìbáà jẹ́ omi àdúrà, kán ojú fún oṣù mẹ́fà ń pàdánù oṣù mẹ́fà, ó sì lè kó àrùn mìíràn. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Treichville, lórí erékùṣù kan náà.

Pọ́ọ̀lù, tí ìpẹ́ jábọ́ lójú rẹ̀ ní Dámásíkù, tọrọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a mú ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò. Ẹ̀gún náà dúró. Ó sọ fún àwọn ará Gálátíà pé lẹ́tà ńlá ni òun fi ń kọ̀wé, àwọn kan sì gbà pé ojú ló ń dà á láàmú. Ìwé tó kọ sí Róòmù, Tertiu ló bá a kọ ọ́, ó sì fi ìkíni tirẹ̀ sí ìparí.