Ipò Ọrọ̀ Ajé Nàìjíríà Láàrin Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2014, Nàìjíríà gba ipò kìíní nínú ọrọ̀ ajé Áfíríkà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. A kò dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìṣirò ni a tún ṣe. Ọdún 1990 ni ìṣirò àtijọ́ fi ṣe ìpìlẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, tí iṣẹ́ fíìmù kò sì tíì gbilẹ̀. Nígbà tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, fi ọdún 2010 ṣe ìpìlẹ̀ tuntun, iye gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí a pèsè nílẹ̀ yìí lọ́dún 2013 kúrò ní tírílíọ̀nù 42.4 náírà, ó di tírílíọ̀nù 80.2, èyí tó tó bílíọ̀nù 510 dọ́là.

Ṣùgbọ́n a pọ̀ ju Gúúsù Áfíríkà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí a bá pín ọrọ̀ náà kárí, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn ju ìlọ́po méjì tiwa lọ.

Lọ́dún 2024, àjọ IMF tò wá sí ipò kẹrin, lẹ́yìn Gúúsù Áfíríkà, Íjíbítì àti Àlgéríà. Ohun tó fà á ni pé dọ́là ni wọ́n fi ń wọn ọrọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti nǹkan bíi 460 náírà sí dọ́là kan ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó wa já wálẹ̀ títí ó fi kọjá 1,500. Àgbẹ̀ tó wa igba iṣu kò tíì pàdánù ọ̀kan nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà. A kò sọ èyí láti fi bo ìnira mọ́lẹ̀ o: oògùn, àlìkámà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí à ń fi dọ́là rà ń mú ìyípadà náà wọ inú ilé wa. Síbẹ̀, bí a bá fi ohun tí owó lè rà nínú ilé ṣe òṣùwọ̀n, Nàìjíríà wà níwájú Gúúsù Áfíríkà.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, NBS tún fi ọdún 2019 ṣe ìpìlẹ̀. Ìṣirò ọdún 2024 di tírílíọ̀nù 372.8 náírà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 243 dọ́là, ipò kẹrin kò sì yí padà. Lára ohun tí wọ́n fi kún un ni òwò àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì máa ń fi iye ọjà wọn pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù owó orí. Òfin ìṣirò ti ọdún 2007 ka ohun tí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ NBS sí àṣírí. Àròpọ̀ nìkan ni a ń gbé jáde.