LÁTI MÁPÓ DÉ AGODI: ADÉGÒKÈ ADÉLABÚ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀



1. Ìfáárà

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ibùdó ìṣèlú méjì ni ó wà nínú ìlú Ìbàdàn. Ọ̀kan ni Gbọ̀ngán Mápó tí a ṣí ní 1929, tí ó dúró lórí òkè láàárín àwọn agbo ilé àtijọ́, níbi tí ìjọba ìlú fi ṣe ibùjókòó. Èkejì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Agodi, níbi tí a ti ń ṣòfin fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà lábẹ́ ìjọba náà, àti fún àwọn ará Bìní àti Dẹ́tà pẹ̀lú. Ìrìn láti ọ̀kan dé èkejì kò tó ìrìn ọjà. Ṣùgbọ́n ní ti agbára, àárín wọn jìn gidigidi, ẹni tí ó sì fi ayé rẹ̀ rìn ín jù lọ ni Adégòkè Adélabú.

Bí a bá dárúkọ Adélabú, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ènìyàn ni Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. A gbọ́ pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fẹ́ràn, ìyẹn peculiar mess, ni etí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà sọ di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó gbé mi wá síbí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Adélabú jókòó ní Agodi gẹ́gẹ́ bí aṣòfin. Ní ìgbà kìíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà. Ní ìgbà kejì, olórí ẹgbẹ́ alátakò ni. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni Mápó. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

2. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

A bí Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1915. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Kúdẹtì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Láti ibẹ̀ ó dé Government College, Ìbàdàn, ó sì wọ Yaba Higher College ní 1936. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ UAC, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì ṣòwò. Ní 1952 ó tẹ ìwé kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Africa in Ebullition. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní púrúǹtù.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn akàwé àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fẹ̀yìn tì. Láti ìparí 1949 ni àwọn ìjòyè àti mógàjí kan ti ń jà pé kí a yọ Olóyè Sàlámì Agbájé, ọlọ́rọ̀ pàtàkì nì, kúrò nínú ìlà oyè Ìbàdàn. Adélabú wà lẹ́yìn wọn. Ìwádìí tí H. L. M. Butcher ṣe ní 1951 kò mú kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá gbà. Ní àsìkò kan náà ni àwọn ìlú Ọ̀ṣun sì ń yà kúrò lábẹ́ àṣẹ Ìbàdàn. Lójú tèmi, ohun tí Adélabú rí he nínú ìjà yẹn ju oyè ẹnì kan lọ. Ó mọ ilé mógàjí, ó mọ èdè ẹjọ́ wọn, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìlú fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbẹ̀ náà ní ẹ̀dùn tiwọn. Nígbà tí àrùn mú kòkó, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wú, ìjọba ní kí a máa gé àwọn igi tí àrùn wà lára wọn. Ẹni tí ó lo ọdún méje kí kòkó rẹ̀ tó so kì í fi ojú rere wo ẹni tí ó mú àdá wọ oko rẹ̀. Inú ìbínú yìí ni ẹgbẹ́ Máyégún ti gbilẹ̀.

3. Ìgbà kìíní ní Agodi

Nínú ìdìbò 1951, ènìyàn mẹ́fà ni Ìbàdàn rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ tí márùn-ún nínú wọn fi bọ́ sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, A. M. A. Akínlóyè, di mínísítà. Adélabú nìkan ni ó dúró ti NCNC.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yìn ín fún ìdúróṣinṣin yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí àga náà rí ṣe. Aṣòfin tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí a bá ka ìbò, kò sí ohun tí yóò yí padà. Bí Adélabú yóò bá ní agbára, kì í ṣe Agodi ni yóò ti rí i.

4. Òfin 1952 àti ìgbà tí Mápó bọ́ sí i lọ́wọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yani lẹ́nu nìyí. Ẹni tí ó la ọ̀nà Mápó fún Adélabú ni Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Láti 1952, òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun ni ó sì wà lẹ́yìn Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti 1952. Òfin yìí fi ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn rọ́pò ètò àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń ti ẹ̀yìn ọba àti ìjòyè ṣàkóso. Àwọn ìjòyè ṣì ní àyè, ṣùgbọ́n wọn kò tún pọ̀ ju àwọn tí a dìbò yàn lọ mọ́.

Àtúnṣe gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún mẹ̀kúnnù ní ìbò kò lè pàṣẹ ibi tí yóò dì í sí. Adélabú kó àwọn mógàjí, àwọn àgbẹ̀ Máyégún àti àwọn tí owó orí ń ni lára jọ sínú Mábọlájẹ́. Ẹ wo orúkọ náà: má ba ọlá jẹ́. Fún àwọn àgbà tí ó rò pé òfin tuntun fẹ́ gba ọlá lọ́wọ́ wọn, orúkọ yẹn nìkan tó ìpolongo. Ní 1954 Mábọlájẹ́ borí nínú ìdìbò Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn, Adélabú sì di alága.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ipò náà. Mápó ni ó ń gba owó orí. Òun ni ó ń gba òṣìṣẹ́, tí ó ń pín iṣẹ́ àgbàṣe, tí ó sì ń ṣètò ọjà àti ọ̀nà. Ohun tí ìjọba jẹ́ fún àgbẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà Agodi kò ju èyí lọ. Ní ìparí ọdún kan náà, NCNC borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kún owó orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera sì wà nínú ohun tí ó bí àwọn olùdìbò nínú. Ní 1955 Adélabú di Mínísítà Ohun Àlùmọ́nì àti Ìgbáyégbádùn ní Èkó. Kò fi àga Mápó sílẹ̀.

5. Ìwádìí Nicholson

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìwádìí kalẹ̀ ní 1955 lórí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a fi ṣe é. Ìròyìn rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe ń ṣe owó àti iṣẹ́ ìlú, ó sì dá alága lẹ́bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kò ti tán. Àwọn kan ní olè ni a mú. Àwọn kan ní ọ̀tá ni ó rí àyè gbẹ̀san. Èmi kò rí ìdí tí a fi gbọdọ̀ mú ọ̀kan kí a sì jù èkejì nù. Ẹni tí ó ṣe alága ní Ìbàdàn tí ó tún ṣe mínísítà ní Èkó kò lè fi ojú méjèèjì ṣọ́ àpótí ìlú. Ẹni tí ó sì fi ipò ìlú tọ́jú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún ọ̀tá ní ọ̀kọ̀ tí yóò fi gún un. Ẹ̀bi Adélabú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní àléébù tirẹ̀. Òfin kan náà tí ó fún Mápó ní agbára ni ó fún Agodi ní àṣẹ láti ṣèwádìí Mápó àti láti tú u ká. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù Mápó nínú ìbò ni ó jókòó ní Agodi tí ó ń lo àṣẹ náà. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ṣẹ̀, ó yẹ kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé abánidíje ni ó mú pàṣán lọ́wọ́, ta ni yóò gbà pé ìbáwí ni?

6. Ìgbà kejì ní Agodi

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 1956, a tún dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ará Ìbàdàn ti gbọ́ ohun tí Nicholson sọ. Wọ́n sì dìbò fún Adélabú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní àga 48, NCNC ní 32, Adélabú sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò.

Ọkùnrin kan náà ni ó padà wọ ilé náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e kò dọ́gba pẹ̀lú ti 1952. Ó ń kojú Awólọ́wọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí sí olórí. Ní 1957 ó wà nínú àwọn tí ó lọ sí ìpàdé lórí òfin ìṣàkóso ilẹ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Mápó tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọkàn àwọn ènìyàn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní agbègbè Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún 42 ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ láti gbà pé ojú lásán ni. Rògbòdìyàn bẹ́ ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé, wọ́n kọlu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn agbowó-orí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Pé wọ́n dojú ìjà kọ agbowó-orí nígbà tí aṣòfin kú fi hàn pé owó orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìjọba, Adélabú ni wọ́n sì rò pé ó dúró láàárín wọn àti òun.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè tí Adélabú kú sílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àtúnṣe 1976 dá ìjọba ìbílẹ̀ 301 sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Òfin ìṣàkóso 1979 àti ti 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn gbọdọ̀ wà. Síbẹ̀, ti 1999 fi owó wọn sínú àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso, ọ̀pọ̀ gómìnà sì fi alága onídúró rọ́pò ẹni tí a dìbò yàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Bí a bá ka ẹjọ́ náà, Mápó àti Agodi ni a tún rí níbẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà pé ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ní apá méjì. Bí a bá tú ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí a bá sì fi ìyẹ̀wò náà lé ẹgbẹ́ tí ó ń bá a díje lọ́wọ́, ìyẹ̀wò di ogun. Ibi tí ó yẹ kí ó wà ni ọwọ́ ayẹ̀wé-owó tí kò ní ẹgbẹ́, ọwọ́ ilé-ẹjọ́, àti ọwọ́ àwọn tí ó dìbò. Ní 1956 Nicholson dá ẹjọ́ tirẹ̀, Ìbàdàn sì dá tiwọn. Ẹjọ́ méjèèjì kò bára mu, kò sì sí ètò kankan nínú òfin tí ó lè mú wọn jókòó pọ̀.